Bí Onílù Ṣe Lè Dá Gbé Ìyáàlù Wọ Bàálù Kí Ó sì Gúnlẹ̀ Láìfarapa

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá gbé ìlù láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, aṣọ ìbora ni mo fi wé ìyáàlù dùndún mi. Mo sọ ọ́ sínú báàgì aláṣọ ńlá kan, mo sì fi okùn dì í dáadáa. Kí ó má já bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nìkan ni ẹ̀rù tó ń bà mí. Nígbà tí mo tú u nílé ẹni tó gbà mí lálejò, igi rẹ̀ kò sán, ṣaworo rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n awọ ojú kan ti ya láti etí dé àárín. Mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹrù mìíràn ti sùn lé e lórí fún wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, wọ́n sì ń tẹ ọsán rẹ̀, ìyẹn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú méjèèjì pọ̀. Bí a bá ti ń fún ọsán dùndún, awọ á máa le sí i, ohùn á sì máa gòkè. Ohùn tó ga jù lọ ni wọ́n fún ìlù mi mọ́ láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé títẹ̀ ń pa ìlù ju jíjábọ́ lọ. Mo ti gbé dùndún àti bàtá kọjá òkun lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà, èmi nìkan, láìsí ọmọ ẹ̀yìn tó máa bá mi gbé ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí mo ti kọ́ ni mo fẹ́ là sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ìlù wa ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni mo mọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé gìtá, sasofóònù tàbí sẹ́lò, ìyẹn gòjé ńlá àwọn òyìnbó, á rí tirẹ̀ mú níbẹ̀.

1. Ẹ wọn ìlù kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì tán kí ó tó rántí ìlù. Ìlù ni kí ẹ fi ṣíwájú. Ẹ mú téèpù tẹ́lọ̀, kí ẹ wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ nínú àpótí tí yóò wà, kì í ṣe ìlù níhòòhò. Ẹ gbé e lé ìwọ̀n pẹ̀lú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ sínú fóònù yín, nítorí ibikíbi tí ẹ bá pè ni wọ́n ti máa bi yín.

Ibi mẹ́rin péré ni ohun èlò orin lè wà nínú ìrìn-àjò òfuurufú: ọwọ́ yín, ìjókòó tirẹ̀ tí ẹ sanwó fún, ikùn bàálù níbi tí ẹrù ńlá ń lọ, tàbí kí ẹ fi í ránṣẹ́ lọ́tọ̀ bíi kágò. Ẹrù ọwọ́ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 55 ní gígùn lọ. Gúdúgúdú, kànnàǹgó àti gángan kékeré sábà máa ń wọ ìwọ̀n yìí. Ìyáàlù kì í sábà wọ̀ ọ́, kẹríkẹrì náà kì í sì í wọ̀ ọ́. Ní ti ikùn bàálù, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún ẹrù kan ni kìlógíráàmù 23, tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ lápapọ̀ kò sì gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 158 lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó á lé e. Bí ó bá kọjá kìlógíráàmù 32, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í gbà á rárá, nítorí èèyàn ló ń fi ọwọ́ gbé e sókè. Kágò nìyẹn.

Ẹ má ṣe kó gbogbo ìlù sínú àpótí gìrìwò kan. Ẹ pín wọn sí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju kìlógíráàmù 20 lọ, kí ó lè jẹ́ ohun tí apá yín ká. Ẹ fi gángan kan sí ọwọ́, láìwo ti ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ. Bí àpótí ìyáàlù bá ṣìnà, tó sì jẹ́ pé ọ̀la ni òde, gángan ọwọ́ yín ṣì lè kì èèyàn, ó ṣì lè pe orúkọ. Mo ti rí onílù tó dé òde ìgbéyàwó ní ìlú òyìnbó pẹ̀lú kòǹgọ́ nìkan lọ́wọ́. Èmi kò fẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni rí irú rẹ̀ mọ́.

Ríra ìjókòó fún ìlù kì í ṣe àṣejù bí ìlù náà bá jẹ́ ti bàbá yín tàbí tó bá jẹ́ èyí tí ẹ kò lè rí irú rẹ̀ mọ́. Ohun tí àwọn tó ń fi sẹ́lò ṣeré ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ayé. Ẹ pe iléeṣẹ́ náà lórí fóònù láti ra irú ìjókòó yìí, ẹ má rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé èèyàn kejì ni, torí kọ̀ǹpútà á máa wá pásípọ́ọ̀tù fún un. Wọ́n sábà máa ń fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ó má baà dínà mọ́ ẹlòmíràn. Wọn kì í jẹ́ kí ó wà nídìí ilẹ̀kùn pàjáwìrì. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní bẹ́líìtì àfikún tí a fi ń so ó mọ́ ìjókòó.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí òṣìṣẹ́ pápákọ̀ kò ní mọ̀, àmọ́ tí àwọn ọmọ Àyàn mọ̀. Ìlù tí wọ́n ti ṣe orò fún kì í ṣe ohun tí a ń jù sílẹ̀. Ní Kúbà, àwọn onílù bàtá ṣì ń pa á mọ́ pé ìlù tí Añá, ìyẹn Àyàn, òrìṣà ìlù, wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀, wọ́n sì ní irú mìíràn, aberikulá, tí kò ní orò nínú, fún eré gbangba. Ọgbọ́n tó dára ni. Bí ìlù yín bá jẹ́ ti orò, ẹ ra ìjókòó fún un, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ nílé kí ẹ gbé ìlù eré. Bẹ́líìtì ẹrù ní pápákọ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì.

2. Yíyan bàálù tó máa gbé yín

Bí owó bá ká a, ẹ wọ bàálù tó ń lọ tààrà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ bàálù, ọwọ́ tuntun méjì tàbí mẹ́ta ló tún máa gbé ìlù yín jù. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ pààrọ̀, kí ó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kí iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ lè fi àmì ibi tí ẹ ń lọ gan-an sára ẹrù. Bí ó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kó ẹrù jáde, tí ẹ ó tún tò láti kó o wọlé padà.

Amẹ́ríkà ní tirẹ̀. Ìlú àkọ́kọ́ tí ẹ bá ti wọ ilẹ̀ wọn ni ẹ ti máa gba ẹrù, ẹ ó gbé e kọjá lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ tó tún fi í sílẹ̀ fún bàálù kejì. Ẹni tó dá rìn, tó ní àpótí ìlù méjì, nílò àkókò gidi fún iṣẹ́ yìí. Wákàtí mẹ́ta kò pọ̀ jù láàárín bàálù méjì.

Ẹ béèrè irú bàálù tó máa gbé yín ní abala kejì pẹ̀lú. Àwọn bàálù kékeré tó ń ná àwọn ìlú kéékèèké ní ilẹ̀kùn ikùn tó há, àpótí òkè orí wọn sì lè má gba gángan pàápàá.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pè wọ́n. Ẹ sọ ìwọ̀n ìlù, ẹ béèrè bóyá wọ́n á gbà á, iye tí wọ́n máa gbà, àti bóyá wọ́n lè kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì yín pé ohun èlò orin wà lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tó sọ fóònù kalẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ímeèlì ṣọwọ́ sí yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù kọ́ ló máa wà ní káńtà lọ́jọ́ náà, ìwé nìkan ló máa bá yín débẹ̀.

Bí iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà ni ẹ bá wọ̀, òfin wà lẹ́yìn yín. Láti oṣù kẹta ọdún 2015 ni òfin Department of Transportation, iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń bójú tó ìrìnnà, ti sọ pé iléeṣẹ́ gbọdọ̀ gba ohun èlò orin kékeré gẹ́gẹ́ bí ẹrù ọwọ́ bí àyè bá wà nígbà tí ẹ wọlé, wọn kò sì gbọdọ̀ gba owó ju ti ẹrù ọwọ́ lásán lọ. Òfin náà fàyè gba èyí tó wúwo tó páùn 165, ìyẹn kìlógíráàmù 75, lórí ìjókòó tí a rà fún un, bí ó bá ti bá ètò ààbò mu. Ti ikùn bàálù lè ga tó ínǹṣì 150 lápapọ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 381. Iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà nìkan ni òfin yìí dè. Ẹ tẹ ojú ìwé rẹ̀ jáde, kí ẹ fi sínú àpò. Ohùn jẹ́jẹ́ ni kí ẹ fi fi hàn wọ́n. Àyè òkè orí ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé, nítorí náà bí owó díẹ̀ bá lè jẹ́ kí ẹ wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ wọ bàálù, ẹ san án.

3. Ìwé tí ìlù nílò

Igi àti awọ ni ìlù wa, méjèèjì ló sì wà lára ohun tí ìjọba ń ṣọ́. Lórí àkójọ àwọn ohun tí Nàìjíríà kò fẹ́ kí a kó jáde, pákó wà níbẹ̀, awọ tútù tí a kò tíì ṣe wà níbẹ̀, ohun àjogúnbá àtijọ́ náà wà níbẹ̀. Ìlù tí a ti ṣe parí kì í ṣe pákó, kì í sì í ṣe awọ tútù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ká awọ ewúrẹ́ tútù méjì mẹ́ta sínú àpótí láti fi tún ojú ìlù ṣe lọ́hùn-ún, ẹ ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ara yín. Ẹ má gbé e. Ìlù kejì tí wọ́n ti fi awọ bò tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe àfirọ́pò.

Bí ìlù bá ti gbó, tàbí tó ní ọnà gbígbẹ́ lára, bíi àwọn ìgbìn, àgẹ̀rẹ̀ tàbí gbẹ̀du tí wọ́n gbẹ́ ojú èèyàn àti ẹranko sí, òṣìṣẹ́ lè rò pé ohun àtijọ́ ni ẹ fẹ́ kó lọ tà. National Commission for Museums and Monuments ló ń fúnni ní ìwé tó ń jẹ́rìí pé ohun kan kì í ṣe ohun àjogúnbá tí a kò gbọdọ̀ kó jáde. Ẹ gbé ìlù tàbí fọ́tò rẹ̀ lọ bá wọn ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò. Ní Èkó, Onikan ni ilé ọnà wọn wà. Mo gba ìwé yìí fún ìlù tí ọnà wà lára rẹ̀ kódà bí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta tí a gbẹ́ ẹ, nítorí èéfín ibi ìdáná lè sọ igi tuntun di arúgbó lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ bi ọ́fíìsì Nigeria Agricultural Quarantine Service, àwọn tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn àti ohun ẹran wò, léèrè nípa awọ ìlù pẹ̀lú. Ìdí pàtàkì kan wà tí àwọn òyìnbó fi ń ṣọ́ra fún un. Lọ́dún 2006, onílù kan ní New York tó ń fi awọ ẹran láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ìlù kó anthrax, àrùn tí ẹran ń kó ran èèyàn, níbi tó ti ń fá awọ náà, ó sì rù ú là. Lọ́dún 2008, ẹni tó ń ṣe ìlù kú àrùn kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Awọ gbígbẹ tí a ń fá, tí eruku rẹ̀ ń fò, lewu ju ìlù tí a ti ṣe parí tí a kàn ń lù lọ, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ẹnubodè kò lè fi ojú mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi yín ní Amẹ́ríkà tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá ẹ gbé ohun tí a fi ara ẹran ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn. Ẹ sọ irú ẹran, ẹ sọ pé awọ náà ti gbẹ, ó mọ́, kò ní irun. Kí ẹ tó kúrò nílé, kí ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: bí irun bá ṣì ṣẹ́kù létí awọ, ẹ yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ bo imú, kí ẹ sì ṣe é níta gbangba.

Ìwé tó kù rọrùn. Ẹ ya fọ́tò ìlù kọ̀ọ̀kan láti ojú, ẹ̀gbẹ́ àti ìdí. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ohun tí a fi ṣe é àti iye rẹ̀ sí ìwé kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní mẹ́ta. Ọ̀kan wà nínú àpótí, ọ̀kan wà lọ́wọ́, ọ̀kan wà nílé. Bí ẹ bá ń padà bọ̀, òun náà lẹ máa fi hàn kọ́sítọ́ọ̀mù pé ìlù yín ni, ẹ kò rà á bọ̀ láti òkè-òkun. Ìwé tí wọ́n fi pè yín síbi eré gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú físà, lọ́wọ́, kì í ṣe nínú ẹrù.

Ẹ wo ìwé adójútòfò ìrìn-àjò yín dáadáa, torí ọ̀pọ̀ wọn yọ ohun èlò orin sílẹ̀ tàbí kí wọ́n fún un ní owó kékeré. Èyí tí wọ́n ṣe fún ohun èlò orin nìkan wà.

4. Àpótí àti dídì

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ jù lọ.

Àpótí gbọdọ̀ le tó pé bí àgbàlagbà bá jókòó lé e, kò ní rì. Ẹ dán an wò. Báàgì aláṣọ, bí fóòmù rẹ̀ ti wù kó nípọn tó, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Àpótí onígun mẹ́rin ni mo fẹ́. Ike ńlá roboto tí àwọn kan máa ń lò le lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń yí lórí bẹ́líìtì, àwọn òṣìṣẹ́ á sì fẹ́ràn láti máa yí i nílẹ̀ lọ. Àpótí ìrìn-àjò ńlá oníke líle tó ní táyà mẹ́rin tó fún ọ̀pọ̀ ìyáàlù, bí a bá yọ ohun tó pín inú rẹ̀ kúrò.

Ẹ wá ṣe òṣùká. Òṣùká gan-an ni, bí èyí tí àwọn ìyá wa fi ń ru omi. Ẹ fi aṣọ òfì tó gbó tàbí táwẹ́lì ká a, kí ó fẹ̀ tó etí ìlù, kí ó sì ga ní ìka mẹ́ta. Ẹ ṣe méjì fún ìlù kan. Ẹ gé páálí roboto méjì, kí ó bo ojú ìlù láì fara kan àárín awọ. Etí ìlù ni kí ó jókòó lórí òṣùká, kí ojú rẹ̀ wà lófo nínú ihò òṣùká náà. Ẹ fi òṣùká kejì lé etí òkè. Báyìí, igi ìlù ló ń gbé gbogbo ẹrù, awọ kò gbé nǹkan kan. Bí àpótí kò bá jẹ́ kí ìlù dúró, tí ó jẹ́ pé yóò sùn ni, kí òṣùká wà lábẹ́ etí méjèèjì, kí ìbàdí ìlù rọ̀ ní àárín láìkan ilẹ̀ àpótí. Ní àyíká ọsán, aṣọ fífúyẹ́ nìkan, bí ẹni fi òwú bo ẹyin. Ẹ fi ọwọ́ tẹ aṣọ náà díẹ̀ kí ẹ sì lu ìlù jẹ́jẹ́ nínú àpótí: bí ohùn rẹ̀ bá ga ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ti dì í jù. Ẹ tú u.

Má ṣe fi bàtà, ìgò epo tàbí gaàrí kún àyè tó ṣẹ́ kù. Mo mọ̀ pé ará ilé tó wà lókè-òkun ti ránni ní ẹ̀gúsí àti irú. Kí ó wà nínú ẹrù mìíràn.

Ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé ṣaworo mọ́ etí ìlù, kí irin rẹ̀ má baà máa gé awọ bí bàálù bá ń gbọ̀n. Kòǹgọ́ wà nínú àpótí pẹ̀lú ìlù. Ẹ gbé méjì, ẹ má sì fi í sí ẹrù ọwọ́, nítorí bí ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ kan bá rí kòǹgọ́ lọ́wọ́ yín, ó lè sọ pé kùmọ̀ ni. Òòlù, abẹ́rẹ́ ńlá àti ọ̀bẹ tí ẹ fi ń tún ọsán so kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹrù ọwọ́ rárá.

Bàtá yàtọ̀. Awọ rẹ̀ kò ń gbọ́ títẹ̀ bíi ti dùndún, ṣùgbọ́n ìda wà lójú òjò rẹ̀, ìda náà sì wà lójú gúdúgúdú. Ooru a máa mú ìda rọ̀. Bí àpótí bá dúró nínú oòrùn ọ̀sán lórí pápá n'Íkẹjà, ohunkóhun tó bá kàn án á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi ìwé tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ kéèkì tí wọ́n fẹ́ yan bò ó, kí páálí tó tẹ̀ lé e. Ẹ ká bílálà sí ẹ̀gbẹ́ ṣáṣá, ojú kékeré, níbi tí kò ti sí ìda.

Fún àwọn ohun èlò mìíràn, ẹ dẹ okùn gìtá àti ti sẹ́lò díẹ̀, ẹ má tú u pátá, torí igi kékeré tó dúró nínú ikùn sẹ́lò lè ṣubú bí okùn kò bá dì í mú mọ́. Ẹ dẹ irun ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta okùn rẹ̀ pátápátá. Ẹnu sasofóònù yẹ kó wà lọ́wọ́. Dùùrù tó ní ojú títẹ̀ 88 sábà máa ń gùn ju ìwọ̀n ẹrù lásán lọ, ẹ béèrè owó rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Bátìrì alágbára tí a ń yọ, àti power bank, ọwọ́ ni wọ́n ń wà, wọn kò gbọdọ̀ wọ ikùn bàálù, kí agbára wọn má sì ju 100 Wh lọ bí ẹ kò bá tíì gba àṣẹ.

Kí ẹ tó pa á dé, ẹ ya fọ́tò bí ìlù ṣe jókòó, ẹ tẹ fọ́tò náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìdérí, kí ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì gbàgàdà pé kí ẹni tó bá ṣí i dá a padà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Amẹ́ríkà ń ṣí ẹrù lẹ́yìn yín. Ágádágodo tó ní àmì TSA, àjọ ààbò pápákọ̀ wọn, ni kí ẹ lò, wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọn kò ní já a. Orúkọ yín àti nọ́ńbà fóònù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún gbọdọ̀ wà nínú àti lóde àpótí.

5. Ẹ dá gbé e nílé ná

Ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò, ẹ gbé gbogbo ẹrù yín bí ẹ ṣe máa gbé e, kí ẹ fi rìn igba ìṣísẹ̀, kí ẹ gun àtẹ̀gùn kan, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá lè ṣe é nílé, ẹ kò lè ṣe é lẹ́yìn òru kan nínú bàálù. Ẹrù tó bá kọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò báyìí.

Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní pápákọ̀ dà bí ohun kékeré, àmọ́ òun ló ń mú kí ẹni tó dá rìn ṣe ohun tí kò yẹ. Ẹ kò gbọdọ̀ fi ìlù sílẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ sọ fún àjèjì pé kí ó bá yín wò ó, torí ẹrù tí kò ní olówó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ ń gbé lọ. Ẹ fi ẹrù ńlá sílẹ̀ ní káńtà kí ẹ tó wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó jẹ́ gángan nìkan ló bá yín wọ ibẹ̀, lọ́rùn yín, nínú àpò tí kò gba omi. Ẹ sì bá ẹni kan lọ́hùn-ún ṣe àdéhùn pé kí ó mú ọkọ̀ tó gbòòrò wá. Takisí kékeré kò gba àpótí méjì.

6. Ní pápákọ̀

Wákàtí mẹ́rin ṣáájú ni mo máa ń dé Murtala Muhammed. Ìlù jẹ́ ohun tó ṣófo nínú, tí ojú rẹ̀ sì dí. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ń wá náà nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ó bí yín nínú. Èèyàn ti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó ohun búburú rí, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Ẹ má gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fi sínú àpótí ìlù, ì báà jẹ́ àbúrò ẹni tó pè yín. Bí ẹ bá ra ìlù ní titun, ẹ dúró ti ẹni tó ń fi awọ bò ó.

Bí òṣìṣẹ́ bá ní òun fẹ́ gún awọ láti wo inú, ẹ fi sùúrù sọ fún un pé bí a bá gún un, ìlù ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ẹ̀rọ X-ray wò ó, kí ó fi ajá gbọ́ òórùn rẹ̀, tàbí kí ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ẹ fi ìwé pípè hàn án. Mo ti rí i tí sùúrù àti gbólóhùn kan lórí ìlù ń yí nǹkan padà. Ọ̀gá kan ní kí n fi gángan kí òun, mo kì í, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí n máa lọ.

Ní káńtà, ẹ sọ pé ẹrù ẹlẹgẹ́ ni, ẹ sì béèrè bóyá wọ́n lè gbà á ní ẹnu ọ̀nà ẹrù tó tóbi, níbi tí èèyàn ti ń fi ọwọ́ gbé e, dípò bẹ́líìtì. Wọ́n lè ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé kékeré kan tó sọ pé iléeṣẹ́ kò ní dáhùn fún ohun ẹlẹgẹ́. Ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ ya fọ́tò àpótí níwájú káńtà, kí àmì ẹrù hàn. Ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìwọlé yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú. Òun ni ẹ̀rí tí ẹ ní.

Bí ìlù yín bá níye lórí gan-an, ẹ béèrè ní káńtà láti kéde iye rẹ̀ kí ẹ sì san owó àfikún. Àdéhùn Montreal ti 1999, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìrìn-àjò òfuurufú tí Nàìjíríà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i, fàyè gbà á. Láìsí ìkéde yẹn, láti ìparí ọdún 2024, ohun tó pọ̀ jù tí iléeṣẹ́ lè san fún gbogbo ẹrù èrò kan ni SDR 1,519 (SDR ni òǹkà owó tí àjọ IMF ń lò), nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là. Ìyáàlù, omele, aṣọ, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú iye yẹn.

Nínú bàálù, ẹ gbé gángan sí òkè orí, kí aṣọ kótù yín wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún òṣìṣẹ́ tó wà nítòsí pé ìlù ni. Wọn á ṣọ́ ọ nígbà tí ẹlòmíràn bá fẹ́ ti báàgì tirẹ̀ wọ ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ púpọ̀. Ẹ má tú u jáde láti lù ú.

7. Nígbà tí ẹ bá gúnlẹ̀

Àpótí ìlù kì í sábà jáde lórí bẹ́líìtì tí àwọn yòókù ń yí lórí rẹ̀. Ẹ wá ẹnu ọ̀nà ẹrù tó tóbi. Kí ẹ tó kúrò nínú gbọ̀ngàn yẹn, ẹ ṣí àpótí. Ó rẹ̀ yín, mo mọ̀, ẹni tó wá pàdé yín sì ń pè lórí fóònù. Ẹ ṣí i bẹ́ẹ̀ náà. Bí ohunkóhun bá ti bàjẹ́, ẹ lọ síbi tí iléeṣẹ́ bàálù ti ń gba ẹ̀sùn ẹrù lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀. Bí ẹ bá rí i nílé lẹ́yìn náà, ọjọ́ méje ni àdéhùn Montreal fún yín láti kọ̀wé nípa ohun tó bàjẹ́. Fún èyí tó pẹ́ kó tó dé, ọjọ́ 21 ni, láti ọjọ́ tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́. Ọdún méjì ni ẹ fi lè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ìgbà tí awọ mi ya, n kò mọ èyí. Oṣù kan ti kọjá kí n tó kọ̀wé, wọn kò sì dá mi lóhùn.

Bí ẹ bá dé ilé, ẹ má sáré lù ú. Ẹ gbé àpótí kalẹ̀ ní yàrá tí ẹ máa sùn, jìnnà sí hítà, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ díẹ̀, kí ó sùn mọ́jú. Ní ìgbà òtútù, hítà àwọn òyìnbó máa ń gbẹ awọ débi pé ó ń dún kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Abọ́ omi kan nínú yàrá á ràn án lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀, ẹ tú ṣaworo sílẹ̀, ẹ fi ìka kan awọ náà jẹ́jẹ́ láti etí sí àárín. Ẹ kọ́kọ́ fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó fún ọsán. Bí ohùn òkè bá dún gbọnrangandan, láìsí ìró bí ẹni ya ìwé nínú rẹ̀, ẹ lè wá pe ẹni tó ní òde láti sọ fún un pé ẹ ti dé.